Ayédèrú Ọ́ìlì Bíréèkì Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pa Ilé Méjì

Kò sí àdúgbò tí irú àwọn ọkùnrin yìí ò sí. Bí ìmọ́tótó àyíká ọjọ́ Sátidé bá ti parí, tí àwọn èèyàn ń fọwọ́ láti jẹun, iṣẹ́ tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n á bọ́ ẹ̀wù, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tẹ́ àpò símẹ́ńtì sílẹ̀, wọ́n á sì rá wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Mẹkáníìkì kọ́ ni wọ́n. Wọ́n kàn fẹ́ràn ọkọ̀ ni.

Irú wọn ni Theophilus àti Láwàlì, tí ilé wọn kọjú síra ní Kẹ́mta, l'Abẹ́òkúta, ní ọdún 1985. Theophilus ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Fọ́síwágìn tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìjàpá ni ọkọ̀ tirẹ̀. Láwàlì ń ta àdìrẹ ní Ìtọ́kú, Dátsọ̀n ni òun ń wà.

Nígbà náà, ẹ̀yà ara ọkọ̀ wọ́n bí ojú. Àwọn méjèèjì bá kúkú di mẹkáníìkì ara wọn. Wọ́n á pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, wọ́n á da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó ti dúdú nù, wọ́n á ra tuntun sí i. Wọ́n tún fẹ́ràn kí wọ́n máa ṣe ọkọ̀ lẹ́ṣọ̀ọ́. Láwàlì ló de iná tí í la kùrukùru mọ́ iwájú Ìjàpá. Theophilus ló so rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì mọ́ Dátsọ̀n, tí ohùn rẹ̀ fi ń dé títì.

Harriet, ìyàwó Theophilus, a máa sọ pé, “Bí Bàbá Péjú bá ń tọ́jú mi bó ṣe ń tọ́jú ọkọ̀ yìí ni, ǹ bá ti sanra ju báyìí lọ.”

Ní ọjọ́ kan, Theophilus rí i pé bíréèkì òun ń jò lẹ́sẹ̀ táyà. Ó ní òun á pààrọ̀ àwọn rọ́bà inú rẹ̀ fúnra òun. Láwàlì, tó ń lọ sí Láfẹ́nwá, ní òun á bá a ra ọ́ìlì bíréèkì bọ̀. Agolo méjì ló rà, ọ̀kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀kan fún ara rẹ̀.

“Lọ́dọ̀ ta lo ti rà á?” Theophilus bi í.

“Ọkùnrin kan tó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ó dínwó ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ dáadáa.”

Theophilus yí agolo náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. “Ìdérí yìí mà dẹ̀ o. Ó dà bíi pé wọ́n ti ṣí i rí.”

“Oòrùn Láfẹ́nwá ló mú un dẹ̀,” ni Láwàlì wí, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín.

Theophilus fi rọ́bà tuntun sí i, ó da ọ́ìlì àtijọ́ nù, ó sì rọ tuntun kún gbogbo bíréèkì rẹ̀. Díẹ̀ báyìí ni Láwàlì fi kún tirẹ̀, ó gbé agolo náà sínú búùtù.

Kò pẹ́ rárá tí Theophilus fi kíyè sí i pé bíréèkì òun ń rì bí òun bá tẹ̀ ẹ́. Tó bá tẹ̀ ẹ́ léraléra, á tún dìde. Ó ní, “Atẹ́gùn ló kù nínú rẹ̀. Màá yọ ọ́ tó bá dọ̀la.” Ọ̀la kì í tán.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni ìdúpẹ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì bàbá Harriet l'Ódèdá. Harriet jókòó síwájú. Péjú ọmọ wọn wà lẹ́yìn pẹ̀lú iṣu àti ọ̀pẹ òyìnbó tí wọ́n ń gbé lọ. Ẹ mọ bí ọ̀nà Kẹ́mta ṣe rí, òkè ni, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, Theophilus tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ tààrà, ó kan ilẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Asán.

“Bàbá Péjú, ẹ rọra!” ni Harriet kígbe.

“Ẹ di nǹkan mú!”

Ó fa bíréèkì ọwọ́ sókè. Ọkọ̀ náà fà tìn-ìn, kò dúró, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ dínkù. Nísàlẹ̀, àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti ilé ìsìn kún ojú ọ̀nà. Theophilus wo ìhà ọ̀tún, ó rí òkìtì yanrìn níwájú ilé kan tí wọ́n ń kọ́. Ó yí ọkọ̀ sí i. Wọ́n la yanrìn kọjá, ọkọ̀ fi orí sọ àwọn bílọ́ọ̀kù tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni ò kú. Péjú jáde tòun ti ẹkún, kò fara pa. Ṣùgbọ́n apá òsì Harriet ti ṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ti Ìyá Títílọlá tó ń gbé ilé kejì. Ó wá kí wọn kú ewu ní ìrọ̀lẹ́. Ó kí wọn tán, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Mi ò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo rí Bàbá Ṣéhù tó ki orí bọ iwájú ọkọ̀ yín. Ẹ ò sí nílé.”

Bàbá Ṣéhù tó ń wí yìí, Láwàlì ni.

Theophilus bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ náà. Ó rántí pé Láwàlì ti bẹ òun rí pé kí òun ta Ìjàpá náà fún àbúrò rẹ̀, tí òun kọ̀. Ó rántí pé Láwàlì ló ra ọ́ìlì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo nǹkan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe fún un láti ọjọ́ yìí ló ti yí padà lójú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Láwàlì àti Bùsírátù ìyàwó rẹ̀ wá. Bùsírátù gbé abọ́ ọbẹ̀ ẹja lọ́wọ́.

“Ẹ kú ewu o. Ọlọ́hun ò ní jẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́,” ni Láwàlì wí.

Theophilus ò dáhùn àmín. “Kí lò ń wá nínú ọkọ̀ mi lọ́jọ́ Jímọ̀?”

“Wáyà iná tí mo dè mọ́ ọn ló já, ó ń fì. Mo tún un so ni.”

“Ta ló rán ẹ?”

Láwàlì wò ó. “Ìgbà wo la ti ń ránṣẹ́ sí ara wa ká tó fọwọ́ kan ọkọ̀ ara wa? Theo, ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé mo fẹ́ pa ẹ́?”

“Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“O ò sì sọ pé rárá.”

Bùsírátù gbé abọ́ náà sórí tábìlì jẹ́jẹ́, ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ jáde. Theophilus ní kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má fẹnu kan ọbẹ̀ náà. Ó dà á sẹ́yìnkùlé.

Láti ọjọ́ náà, ìfura wọ inú ilé méjèèjì. Láwàlì fi ṣéènì àti kọ́kọ́rọ́ de bọ́nẹ́ẹ̀tì Dátsọ̀n rẹ̀, ó ní ẹni tó bá lè pe òun ní apààyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ba ọkọ̀ òun jẹ́. Wọ́n ò jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn ṣeré pọ̀ mọ́. Bí Theophilus bá ń jáde láàárọ̀, Láwàlì á wọlé.

Harriet ló tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ó jókòó, apá rẹ̀ wà nínú aṣọ tí wọ́n gbé kọ́ ọrùn rẹ̀.

“Bàbá Péjú, wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti lo oògùn kí ẹ tó mọ àrùn. Ọkọ̀ tí wọ́n fà wálé náà ṣì wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò ó. Bó bá jẹ́ pé wọ́n gé nǹkan níbẹ̀, á hàn. Bí wọn ò bá gé nǹkan kan, ẹ óò mọ ohun tó yẹ kí ẹ lọ sọ.”

Ọ̀gbẹ́ni Dìran ni Theophilus lọ bẹ̀. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni láti máa yẹ ọkọ̀ wò fún ìjọba kí wọ́n tó fún ẹni tó ni ín níwèé. Ó wá ní àárọ̀ Sátidé. Ó tú ẹsẹ̀ táyà, ó yẹ gbogbo páìpù wò, ó sì yọ rọ́bà kékeré kan láti inú bíréèkì. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ Theophilus.

“Ẹ tẹ̀ ẹ́.”

Rọ́bà náà ti wú, ó rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú omi.

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra rọ́bà yìí ni! Ó le koko nígbà tí mo fi sí i.”

“Ẹnikẹ́ni ò gé nǹkan kan nínú ọkọ̀ yín. Ohun tí ẹ rọ sí i ló bà á jẹ́. Agolo rẹ̀ ńkọ́? Ẹ tún bá mi wá ife onígíláàsì méjì tí omi wà nínú wọn.”

Ọ̀gbẹ́ni Dìran rọ díẹ̀ láti inú agolo náà sínú ife kan, ó fi igi rò ó. Ọ́ìlì náà léfòó sókè. Ó mú agolo mìíràn nínú àpò tirẹ̀, ó rọ díẹ̀ sínú ife kejì, ó rò ó. Èyí pò mọ́ omi, a ò rí i mọ́.

“Orúkọ tí a fún un ló ń tàn wá jẹ,” ni Ọ̀gbẹ́ni Dìran wí. “À ń pè é ní ọ́ìlì bíréèkì, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ọ́ìlì tó ń lọ sínú ẹ́ńjìnì. Ojúlówó rẹ̀ máa ń pò mọ́ omi. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni wọ́n bu nǹkan mìíràn là, tí wọ́n rọ sínú agolo tí ẹlòmíì ti lò tán. Bó bá ti kan rọ́bà, rọ́bà á wú. Bíréèkì á máa rì díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ tí kò ní dìde mọ́.”

“Ẹni tó rà á fún mi ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?”

“Báwo ló ṣe máa mọ̀? Àbí kò ra tirẹ̀ ni?”

Lódìkejì, Theophilus ti ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì Dátsọ̀n. Láàárọ̀ yẹn ni Láwàlì fẹ́ gbé ìyàwó àtàwọn ọmọ lọ sí ìsọmọlórúkọ ní Ṣàgámù.

Ó sáré jáde. Dátsọ̀n náà ti ń yí kúrò níwájú ilé. Ó lọ dúró síwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì.

Láwàlì yọ orí. “Kúrò lọ́nà!”

“Láwàlì, pa ọkọ̀ yẹn. Jọ̀ọ́.”

“Kí ni mo tún ṣe báyìí? Ta ni mo tún pa?”

“Ọ́ìlì tó o rà, ayédèrú ni. Òun ló ba bíréèkì mi jẹ́. Ó wà nínú tìẹ náà!”

Láwàlì rẹ́rìn-ín tí kò dénú. “Ó ti yé mi. O fẹ́ kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún ẹ, kí ìwọ náà lè ráyè ṣe tìẹ.”

Ọ̀gbẹ́ni Dìran ti dé pẹ̀lú àwọn ife náà, ó ń ṣàlàyé. Láwàlì mi orí. “Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀yin náà. Inú ilé rẹ̀ lẹ ti gbé ife jáde. Mi ò mọ ohun tí ẹ rọ sí i.”

Bùsírátù ló ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀. “Bàbá Ṣéhù, omi ò wọ́n wa. Tiwa ni ká fi wò ó.”

Ó wọlé lọ bu omi sínú ife tirẹ̀. Ó ṣí búùtù, ó mú agolo tó wà níbẹ̀, ó rọ ọ́ sí i fúnra rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a fọwọ́ kàn án. Ó rò ó, ó dúró, ó ń wò ó.

Ọ́ìlì náà léfòó.

Bùsírátù gbé ife náà sílẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Láwàlì pa ẹ́ńjìnì. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí síárínì. “Èmi ni mo rà á,” ni ó wí.

“O ò mọ̀.”

“Èmi ni mo rà á, Theo. Apá Ìyá Péjú…”

“Èmi náà rí ìdérí tó dẹ̀, mo sì rọ ọ́. Bíréèkì ń rì, mo sì gbé ọmọ mi sínú rẹ̀. Ìwọ ni mo wá ń fura sí.” Theophilus yíjú sí Bùsírátù. “Ìyá Ṣéhù, ẹ forí jì mí. Ọbẹ̀ tẹ́ ẹ gbé wá lọ́jọ́sí, a ò jẹ ẹ́.”

“Mo mọ̀,” ni Bùsírátù wí. “Mo wà lójú fèrèsé nígbà tẹ́ ẹ dà á nù.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ilé méjèèjì tó padà máa jẹun pọ̀. A ò ní purọ́ fún yín pé ọjọ́ náà ni gbogbo rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin méjèèjì jọ tẹ̀ lé Ọ̀gbẹ́ni Dìran lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì jọ mú àwọn ọlọ́pàá dé ìdí àtẹ náà ní Láfẹ́nwá. Wọ́n mú ọkùnrin tó ń tà á, wọ́n kó àwọn agolo tó kù. Àwọn agolo tó ti tà ṣáájú, kò mọ ilé àwọn tó rà wọ́n. Inú ọkọ̀ àwọn èèyàn ni ọ́ìlì náà wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ọkọ̀ yín ṣe fúnra yín, a ò ní kí ẹ má ṣe é mọ́. Ẹni tó mọ ọkọ̀ rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ra ọ́ìlì bíréèkì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò ní rí mọ́ lọ́la. Bí ìdérí agolo bá dẹ̀, bí ohun tí wọ́n fi dí ojú rẹ̀ bá ti já, bí owó rẹ̀ bá rọ̀ jù, ẹ dá a padà. Ẹ rọ díẹ̀ sínú omi kí ẹ tó rọ ọ́ sínú ọkọ̀. Bó bá léfòó, ayédèrú ni. Bó bá pò mọ́ omi, ẹ ṣì ní láti mọ ẹni tí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọgbọ́n ayédèrú pọ̀. Ẹ má fi ife yẹn mu omi mọ́ láéláé, nítorí májèlé ni nǹkan náà. Bí ẹ bá lo agolo tán, ẹ fi ìṣó lù ú kí ó jò, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí nǹkan rọ sí i tà fún ọmọlàkejì yín.

Bíréèkì ọwọ́ ní wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, òun ló gba àwọn ará Kẹ́mta yìí là.

Bí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ ọkọ̀ náà wò kí ẹ tó yẹ aládùúgbò yín wò.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí bíréèkì yín bá ń rì lónìí, ẹ má sọ pé ẹ óò rọra wà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ pe mẹkáníìkì wá.