Orúnkún Onítáìlì àti Ti Onírun

Nígbà tí Onítáìlì kọ́kọ́ rí obìnrin náà, orúnkún irin kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì ń jù ú sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ bí ẹran ṣe wúwo tó kó tó rà á. Yàrá ìpàdé ilé ìwòsàn náà kún fún àwọn àgbààgbà tí orúnkún ń dà láàmú. Nọ́ọ̀sì ló gbé irin náà kalẹ̀ pé kí kálukú fọwọ́ bà á, kí ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ lè dín kù lára wọn. Àwọn tó kù ń fi ìka kan ṣoṣo kàn án bí ẹni tó ń yẹ ejò wò bóyá ó ti kú. Òun nìkan ló gbá a mú, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì gbé e sétí bí ẹni pé irin náà fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

Aṣọ aláwọ̀ ewé ló wọ̀. Irun rẹ̀ tó ti ń funfun wà ní dídì sẹ́yìn ọrùn, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sì fara ti itan rẹ̀. Onítáìlì wò ó títí ó fi gbàgbé ìrora ara rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò tíì wo obìnrin kankan báyìí, ojú sì tì í díẹ̀ pé inú yàrá tí gbogbo ènìyàn ti ń ráhùn ẹsẹ̀ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wá bá òun.

“Ẹ gbà, ọ̀gá,” ni obìnrin náà wí, ó na irin náà sí i. “Ó tutù, ṣùgbọ́n kì í géni jẹ.”

“Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀rù ń bà mí?”

“Ọwọ́ yín tó ń gbọ̀n ni.”

Onítáìlì rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe irin ló ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ wọ̀ láàárín wọn. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni ọkùnrin náà ti ń kúnlẹ̀ tẹ́ táìlì sí ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, títí tí ohun múlọ́múlọ́ tó wà láàárín egungun orúnkún rẹ̀ fi gbó tán, tí egungun wá ń ha egungun. Obìnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù irun, Onírun sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun ní tirẹ̀, orí ìdúró ló ti lo ayé rẹ̀, lẹ́yìn àga àwọn oníbàárà.

“Ìkúnlẹ̀ ló ba tiyín jẹ́, ìdúró ló ba tèmi jẹ́,” ni ó wí. “Ó ku ẹni tí ìjókòó máa bà jẹ́ kó wá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta wa.”

Nọ́ọ̀sì náà kò fi nǹkan pa mọ́ fún wọn. Ó ní dókítà máa gé ojú egungun tó ti gbó kúrò, á fi irin bò ó, á sì fi ike tó le dáadáa sáàárín. Ó ní nǹkan ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ ya àwòrán orúnkún kálukú, apá ẹ̀rọ kan á sì máa tọ́ ọwọ́ dókítà sọ́nà kí ayùn má bàa yà kúrò lójú ìlà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n ń gbé dìde rìn ní ọjọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n ewu kò tán níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ẹsẹ̀ kó sì gbéra lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Kòkòrò àìsàn lè sá pamọ́ sára irin náà. Orúnkún lè gan bí ẹni tó ni ín kò bá tẹ̀ ẹ́ déédéé, àwọn kan sì wà tí ìrora wọn kì í lọ tán. Ó wá kọjú sí Onítáìlì, ó ní iṣẹ́ ìkúnlẹ̀ ti parí fún un.

Onítáìlì wo ilẹ̀. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn ún láti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Onírun fi ìka méjì mú apá aṣọ rẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ títí ìpàdé fi parí.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń dúró de iṣẹ́ abẹ, wọ́n máa ń jókòó pa pọ̀ sórí àga gígùn iwájú ilé ìwòsàn. Ẹ̀yìn ìlú ni odò kan gbà kọjá, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì wà létí rẹ̀ tí àwọn méjèèjì kò lè dé mọ́ láti ọdún pípẹ́. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ibẹ̀ ni àwọn yóò ti kọ́ ìrìn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe síwájú ẹnì kejì. Wọ́n bẹ nọ́ọ̀sì, ó sì fi wọ́n sí ọjọ́ kan náà, ibùsùn ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

“Ẹ ó gbọ́ ìhanrun mi o,” ni Onírun wí.

“Kò burú. Ṣebí bí a bá fẹ́ra wa, màá ṣáà gbọ́ ọ.”

Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọkùnrin náà má bàa rí bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó.

Ẹnì kan ṣoṣo ni inú rẹ̀ kò dùn sí i. Onírun bí ọmọkùnrin kan, iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkọ́ ènìyàn ní mọ́tò wíwà. Ó ṣì wà ní ilé ìwé nígbà tí bàbá rẹ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ tí kò sì jáde láàyè. Láti ìgbà náà, kì í fẹ́ gba iwájú ilé ìwòsàn kọjá. Ó ní Onítáìlì ló ń ti ìyá òun sínú ikú, ìkíni rẹ̀ sí ọkùnrin náà sì gbẹ bí eegun.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Onítáìlì kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí i lẹ́yìn, ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ kú, oorun díẹ̀ sì gbé e lọ. Nígbà tó lajú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà nínú báńdéèjì ńlá. Ó yí orí sí ibùsùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì náà wà ní títẹ́, kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ló wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Nígbà tí dókítà ń yẹ Onírun wò kẹ́yìn, ó rí eyín kan tó ti jẹrà lẹ́nu rẹ̀. Kòkòrò inú eyín lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú orúnkún tuntun, nítorí náà wọ́n ní kó lọ yọ ọ́, kí ojú ibẹ̀ sì jinná ná. Ó ti pẹ́ tí eyín náà ti ń dùn ún. Ó fi pa mọ́ fún gbogbo ayé nítorí pé kò fẹ́ kí ọjọ́ wọn yẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní Ọlọ́run ló kó àwọn yọ, ó sì gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ara rẹ̀.

Onítáìlì pè é lórí fóònù.

“Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?” ni obìnrin náà béèrè.

“Ó wà níbí. Ìwọ ni mi ò rí.”

“Ẹ ti ń rìn báyìí. Èmi ṣì wà níbi tí mo wà. Ẹ máa lọ ní tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dè mí.” Onírun sì pa fóònù náà.

Onítáìlì padà sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ayé rẹ̀ kò dùn. Ó ń pè, Onírun kò gbé e. Ó rìn lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Àárò obìnrin náà ń sọ ọ́ débi pé bí ó bá gbọ́ ìró ọ̀pá ẹnikẹ́ni lójú títì, ọkàn rẹ̀ á fò, á yọjú lójú fèrèsé, á sì tún padà jókòó. Wọ́n ní kó máa tẹ orúnkún náà lárọ̀ọ́, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni tó ń wo àlejò tó jókòó sí àyè ẹlòmíràn. Kò tẹ̀ ẹ́. Orúnkún náà bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Dókítà kìlọ̀ fún un pé bó bá ń bá a lọ báyìí, wọ́n á tún ní láti kùn ún lóorun kí wọ́n tó lè fi agbára tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó yá, Onírun lọ yọ eyín náà ní ilé ìwòsàn kan náà. Ibẹ̀ ló ti ṣalábàápàdé nọ́ọ̀sì, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dì, ó sì gbọ́ bí orúnkún Onítáìlì ṣe ń gan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n kan ilẹ̀kùn Onítáìlì. Nígbà tó ṣí i, Onírun ló dúró níbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ nítorí àtẹ̀gùn iwájú ilé, òógùn sì bò ó lójú.

“Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ sọ orúnkún tí àwọn ènìyàn ń tọrọ di igi,” ni ó wí. “Ẹ jókòó.”

Onítáìlì jókòó bí ọmọ ilé ìwé. Obìnrin náà ká tówẹ́ẹ̀lì kan, ó fi sí abẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀, ó fa àga mọ́ra, ó sì ní kó máa fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn. Ó fà á. Ìrora náà gbà á lára, ó ké. Onírun ní kó tún fà á. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ni omi ti bọ́ lójú Onítáìlì, àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé kì í ṣe orúnkún nìkan ló fà á.

“Kí ló dé tí o fi mí sílẹ̀?”

“Ẹ̀rù ló bà mí,” ni Onírun dáhùn. “Mo rò ó pé bí ẹ bá ti ń rìn dáadáa, ẹ ó bojú wẹ̀yìn lọ́jọ́ kan, ẹ ó rí mi tí mò ń wọ́ bọ̀, àánú mi á sì ṣe yín. Mi ò fẹ́ àánú lọ́wọ́ yín. Nǹkan mìíràn ni mo fẹ́.”

“Olólùfẹ́ mi, láti ọjọ́ tí mo ti padà wá sílé, mi ò tíì rìn lọ síbì kankan bí kò ṣe iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ.” Ó nu ojú rẹ̀. “Nọ́ọ̀sì ní n kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ mọ́. Ìjókòó báyìí ni màá ti bẹ̀ ọ́. Fẹ́ mi.”

Onírun rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún díẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ẹ, òun kò sì ní purọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ òun ni gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún òun láyé. Bí ọmọ náà kò bá gbà, òun kò ní lè gbé ilé ọkùnrin tí ọmọ òun kò lè bá jókòó.

Láti ọjọ́ náà ni Onítáìlì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún rẹ̀ tọkàntọkàn. Nígbà tí ẹsẹ̀ ti yá, ó rìn lọ sí pápá tí ọmọ Onírun ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní mọ́tò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fara ti mọ́tò rẹ̀, kò fún un níjòókòó.

“Bàbá, ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé ẹ lè búra pé màámi kò ní kú síbi iṣẹ́ abẹ náà?”

“Mi ò lè búra,” ni Onítáìlì wí.

Ọmọ náà gbójú sókè. Ó ti ń retí kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn tan òun jẹ, bí wọ́n ṣe tan òun jẹ nígbà ti bàbá òun. Onítáìlì sọ ohun tó lè burú àti ohun tó lè dára, kò fi ọ̀kankan pa mọ́. Ó sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń dì àti oògùn tí wọ́n fi ń dènà rẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ló ń là á já, tí wọ́n sì ń rìn, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣe onídùúró ẹ̀mí ẹnikẹ́ni.

“Màmá rẹ ló ni ẹsẹ̀ rẹ̀,” ni ó wí. “Bó bá ní òun kò ṣe é, màá máa rìn bó ṣe ń rìn títí tí màá fi kú. Ṣùgbọ́n bó bá ní òun máa ṣe é, má jẹ̀ẹ́ kó lọ pẹ̀lú ọkàn pé o ń bínú sí òun.”

Ọmọ náà ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ó ní kí bàbá wọlé kí òun gbé wọn délé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fúnra òun ni yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Onírun wọlé, àwọn ọkùnrin méjì náà jókòó síta. Ọmọ náà kò gbé ojú kúrò lára ilẹ̀kùn. Onítáìlì gbé ọwọ́ lé orúnkún ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ọmọ náà kò sì gbọn ọwọ́ náà dànù. Àdúrà Onítáìlì kò ju kí ó tún rí obìnrin náà lójú.

Níkẹyìn ni nọ́ọ̀sì kan tí wọn kò mọ̀ rí ṣílẹ̀kùn. Ó ní iṣẹ́ ti parí, ara ìyá le, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló lè wọlé báyìí, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ará ilé rẹ̀. Onítáìlì sún sẹ́yìn fún ọmọ. Ọmọ náà dìde, omi lé ròrò sí i lójú, ó wo ilẹ̀kùn náà, ó sì tún jókòó.

“Ẹ wọlé, bàbá.”

“Kí ni wọ́n jẹ́ sí i?” ni nọ́ọ̀sì béèrè.

Ọmọ náà ló dáhùn.

“Ọkọ màámi ni.”

Onírun wà lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ ṣì wúwo fún oorun. Ó rí ẹni tó wọlé, ó sì yà á lẹ́nu.

“Ta ló ní kí ẹ wọlé?”

“Ọmọ wa ni.”

Ó wò ó pẹ́. Omijé ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ sórí ìrọ̀rí, kò sì nù ún. Ó na ọwọ́ rẹ̀ síta láti abẹ́ aṣọ ìbora.

“Ó dáa,” ni ó wí. “Ẹ fa àga mọ́ra, kí ẹ jókòó ti ìyàwó yín.”