Àmì Àtàǹpàkò Lára Iná

"Má fi ọwọ́ rẹ tó le bí igi yẹn kan tèmi o," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó sì fi èjìká ti àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn. Láti àárọ̀ ló ti ń bú u bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì. Inú bí àbúrò, ó sì yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀.

Iná pẹlẹbẹ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á kán oje ike, ìyẹn ike tí wọ́n ti sọ di olómi, sórí dígí, ẹ̀rọ á fi dígí náà yí bírí, oje á sì tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bó bá gbẹ, tí wọ́n fi irin bò ó lẹ́yìn, tí wọ́n so ó mọ́ bátìrì, á tan ìmọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó lọ́rinrin ni ọ̀tá rẹ̀, ìdí nìyẹn tí dígí àwọn méjèèjì fi wà nínú àpótí kan tí wọ́n dé pa. Ẹnì kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ aṣená kan máa mú síṣẹ́, ẹni tí tirẹ̀ bá mọ́lẹ̀ jù.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, àbúrò ní ebi ò pa òun. Ó sọ lọ́kàn rẹ̀ pé kò burú, ẹni tó ń fojú di òun láti kékeré ò ní fi èyí yan fanda. Ó ṣí àpótí gbayawu, ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ àárín dígí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rọra dé e padà. Ara tù ú pẹ̀sẹ̀.

Lọ́sàn-án, olùkọ́ fi irin bo dígí méjèèjì. Ti ẹ̀gbọ́n tàn bàìbàì, àmì àtàǹpàkò dúdú sì wà láàárín rẹ̀. Ti àbúrò, tó wà lẹ́nu àpótí gan-an, kò tàn rárá.

Olùkọ́ ní afẹ́fẹ́ ti wọ inú àpótí. Kò béèrè ẹni tó ṣí i, torí ẹnì kan ṣoṣo ni kò jáde.

"Tìrẹ ló fẹ́lẹ́ jù, òun ni ì bá mọ́lẹ̀ jù," ló sọ fún àbúrò. "Tìrẹ ni wọn ì bá mú."

Ẹ̀gbọ́n ní òun kórìíra rẹ̀. Àbúrò ní òun náà kórìíra rẹ̀. Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ilé-iṣẹ́ náà ò sì mú ìkankan nínú wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá ń fojú tín-ín-rín yín, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ yín dá a lóhùn. Àbúrò mọ ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ìbínú ló jẹ́ kó gbàgbé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi pa iná tirẹ̀.