Súìṣì Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn Hítà

"Ọmọ́bọ́lá! Níbo lo wà? Ta ló pa hítà yìí?"

Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Mákánjúọlá, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Mission Bend. Òtútù tó mú ní Houston ní Oṣù Kejìlá ọdún 1983 yẹn kì í ṣe kékeré. Omi dì nínú páìpù, páìpù sì ń bẹ́ káàkiri. Àfi kí hítà tiwọn, ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú ilé gbóná, máa tan, kó máa kú.

"Dádì, mi ò fọwọ́ kàn án."

"Dákẹ́! Asẹ́ tí mo ní kó o pààrọ̀ láti oṣù tó kọjá ńkọ́? Ìdọ̀tí ti dí i pa. Atẹ́gùn ò rí ọ̀nà gbà, hítà ń gbóná jù, ìyẹn ló fi ń pa ara ẹ̀! Asẹ́ tuntun wà ní gáréèjì. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, kó ti wọlé. Àwọn ará àdúrà ń bọ̀ lọ́sàn-án."

Bàbá fa ilẹ̀kùn gbàgà, ó lọ. Inú bí Ọmọ́bọ́lá débi pé omi bọ́ lójú ẹ̀. Kò ní ju wákàtí kan lọ tí Lará, ọ̀rẹ́ ẹ̀, yóò fi wá gbé e lọ sí mọ́ọ̀lù. Ìyá rẹ̀ ń dáná, Lérè àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń wo kátúùnù, kò sẹ́ni tó rán ìyẹn níṣẹ́. Gbogbo ìgbà, Ọmọ́bọ́lá, Ọmọ́bọ́lá!

Ó ṣí yàrá kékeré tí hítà wà. Ìbínú ló fi já ilẹ̀kùn irin ara hítà náà, ni etí ilẹ̀kùn bá wọ́. Ẹ ò rí nǹkan? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó pààrọ̀ asẹ́ tán, ó fẹ́ dá ilẹ̀kùn padà, ilẹ̀kùn kọ̀. Ó tì í, ó fi ẹsẹ̀ ta á, pàbó.

Bí ilẹ̀kùn yẹn ò bá sì sí níbẹ̀, hítà ò ní ṣiṣẹ́. Súìṣì kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tí ilẹ̀kùn máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un rí: bí fáànù bá ń ṣiṣẹ́ láìsí ilẹ̀kùn, yóò máa fa èéfín gáàsì wọ inú ilé, èéfín tí kò ní òórùn, tó sì ń pààyàn. Ọmọ́bọ́lá mọ̀. Ó mọ̀ dáadáa!

Ni fèrè ọkọ̀ Lará bá dún níta.

Ọmọ náà mú téèpù, ó fi lẹ súìṣì mọ́lẹ̀. Hítà tan. Ó pa yàrá náà dé, ó sáré jáde. Irú ìwà wo nìyẹn? A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n mọ́ọ̀lù ń pè é.

Nígbà tó padà dé, àwọn ará ìjọ ti kún pálọ̀ nínú aṣọ funfun. Ìyá rẹ̀ ti fi aṣọ dí gbogbo ojú fèrèsé nítorí òtútù. Gbogbo wọn ló di orí mú. Bàbá pàápàá jókòó, ó ń fi ọwọ́ ra iwájú orí.

"Ọfà ayé ni!" Màmá Veronica tó ń darí àdúrà ké. "Orí fífọ́ yìí kì í ṣe lásán. Ẹ pe Jésù!"

Ọmọ́bọ́lá mọ ohun tó fà á. Ó yọ́ lọ sídìí hítà, ó já téèpù náà, hítà kú. Ó rò pé ó ti parí nìyẹn. Ta ló máa mọ̀? Ó wá jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ta ló tún pa hítà?" Bàbá bú ramúramù.

"Mi ò mọ̀, sà."

Ṣùgbọ́n èéfín tó ti kún inú ilé kò rọ́nà jáde. Ibẹ̀ ni Lérè ti ṣubú lulẹ̀ gbì.

"Ẹ̀mí ti gbé e!" Màmá Veronica yára na ọwọ́. "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ kọrin!"

Wọ́n yí ọmọ náà ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Lérè ò mira. Ọmọ́bọ́lá wo ojú bàbá rẹ̀, ó wo ti Lérè. Ló bá já wọ àárín wọn.

"Kì í ṣe Ẹ̀mí! Èéfín hítà ni! Èmi ni mo fi téèpù lẹ súìṣì! Ẹ gbé e jáde, ẹ jọ̀ọ́!"

Orin dá. Bàbá gbé Lérè, ó fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn, gbogbo wọn sì tú síta láìwọ bàtà nínú òtútù yẹn, títí ọkọ̀ áńbúláǹsì fi dé.

Ọjọ́ kejì ni Lérè tó dá gbogbo wọn mọ̀ ní ọsibítù. Dókítà ní ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i nínú ilé, òkú ni wọn ì bá gbé wá. Bàbá fa Ọmọ́bọ́lá sí kọ̀rọ̀. Ojú ẹ̀ pọ́n koko.

"Téèpù, ìwà ọmọdé nìyẹn. Nígbà tí mo bi ọ́ ńkọ́? Àbúrò rẹ ń kú lọ níwájú rẹ, o ní o ò mọ̀!"

"Ìbínú yín ló bà mí lẹ́rù, sà."

"Ìbínú mi? Bí mo bá bínú lónìí, ọ̀la á tán. Ká ní Lérè kú, ọjọ́ wo ni ìyẹn ì bá tán?"

Ọmọ́bọ́lá padà sídìí bẹ́ẹ̀dì Lérè, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú.

Bó o bá ti ba nǹkan jẹ́, sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, bí ilé fẹ́ wó kó wó. Ariwo àgbà kò pa ọmọ rí. Ẹnu tó o pa mọ́ ló lè sin ẹni tó o fẹ́ràn.