Àkísà Nínú Sítíárì

Iwájú ọkọ̀ funfun náà ti rún wómúwómú nígbà tí wọ́n fa Moyọ̀sọ́rẹ jáde nínú rẹ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà. Típà kan tó dẹnu kọlẹ̀ sójú títì ló rọ́ lù. Bẹ́líìtì ṣì wà láyà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Àpò afẹ́fẹ́ tó yẹ kó bẹ́ jáde láti inú sítíárì, kó gba orí rẹ̀ dúró, kò jáde.

Alimat, òṣìṣẹ́ adójútòfò, ló wá yẹ ọkọ̀ náà wò. Ọlálẹ́yẹ, ọkọ Moyọ̀sọ́rẹ, gbójú mọ́ ọn.

"Ìyàwó mi wà lẹ́sẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run, ẹ̀yin ń wá ohun tí ẹ ò fi ní sanwó."

"Ẹ má bínú, sà. Nítorí owó tí àwa adójútòfò ń san lórí òkú àti aláàbọ̀ ara la ṣe fúngun mọ́ àwọn tó ń ṣe mọ́tò. Ìjọba náà ṣòfin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe iwájú tó máa rún kí èèyàn inú rẹ̀ má baà rún, tí wọ́n sì fi àpò afẹ́fẹ́ kún un. Iwájú yìí ṣe tirẹ̀. Kí ló dé tí àpò ò ṣe tirẹ̀?"

Ó fi ọ̀bẹ ya ìdérí sítíárì. Àkísà àti fóòmù ló tú jáde.

Ọlálẹ́yẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òun ló ra ọkọ̀ náà fún ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ Sanmí, oníṣòwò mọ́tò ní Olódò.

Bí Sanmí ṣe rí Alimat àti ọlọ́pàá lẹ́nu géètì ọgbà tó ti ń ta mọ́tò, ó fo ògiri, ó bẹ́ sórí ọ̀kadà, ó dorí kọ ọ̀nà Ẹgbẹ́dà. Ọ̀kadà já sí kòtò. Ó dìde, ó wọ oko ẹ̀gẹ́ lọ. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Àwọn obìnrin kan ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà níbẹ̀. Wọ́n kàn ṣu ẹnu sọ́nà ẹ̀yìn òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá ti fà á jáde.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Ògúnmọ́dẹdé, ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá náà, mú un padà sí ọgbà rẹ̀.

"Ta ló di àkísà síbẹ̀?"

"N ò mọ̀, sà. Bí wọ́n ṣe kó o dé látòkè òkun ni mo ṣe tà á."

"Ọkọ̀ pupa yìí ńkọ́?"

"Ó pé pérépéré, sà."

"Ó dáa. Wọlé síwájú. Èmi ni n ó wà á. Ògiri yẹn la máa fi í gbá."

Ó ṣáná sí ọkọ̀. Sanmí di ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ dákun, sà! Kò sí nǹkan kan nínú sítíárì rẹ̀!"

Ó bá jẹ́wọ́. Ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá lókè òkun, tí àwọn adójútòfò ibẹ̀ ti kà sí òkú, ló ń rà. Àpò wọn ti bẹ́, òmíràn wọ́n. Ó gé wáyà iná tó ń kìlọ̀ pé kò sí àpò, ó di àkísà síbẹ̀, ó kun ọkọ̀, ó tà á.

"Ta ló ra àwọn yòókù?"

Ó ń dárúkọ wọn, Alimat ń pè wọ́n lórí fóònù. Àrínọlá, ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ tíṣà ní Akínyẹlé, wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó páàkì, ó sì bú sẹ́kún.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò san gbogbo owó ìwòsàn. Ojú òsì Moyọ̀sọ́rẹ kò ní ríran mọ́.

"Àwọn tó kù tó ra tiwọn lọ́wọ́ Sanmí ńkọ́?" ló kọ́kọ́ bi ọkọ rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Wọ́n ti rí gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó kú."

Ó mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́ sí i.

"Bàbá Tìmílẹ́hìn, ẹ sún mọ́ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti lajú, ẹ ò tíì wò mí lójú. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe mí léṣe."