"Mọ́mì Mi Ò Ní Padà Wá Mọ́"

"Bàtà tí bùrọ̀dá mi fi ránṣẹ́ láti Kánádà nìyí o! Ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀!"

Ọláwùnmí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lábẹ́ igi furúùtù tó wà lẹ́yìn kíláàsì wọn ní Ìbàfò, nígbà ìsinmi ọ̀sán. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣùrù bò ó. Lateefah náà wà níbẹ̀, ó rọra ká ẹsẹ̀ tirẹ̀ sẹ́yìn, nítorí bàtà rẹ̀ ti lanu níwájú. Ọláwùnmí kúkú ti rí i.

"Lateefah, ṣé gbogbo ẹbí yín látòkèdélẹ̀, kò sẹ́nì kan ṣoṣo lókè òkun ni?"

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dun Lateefah wọra. Bẹ́ẹ̀ ó ní òótọ́ pọ́ńbélé tó lè fi dáhùn. Màmá rẹ̀, Nọ́ọ̀sì Ròkíátù, tó ń gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Mówè, ti rí fẹ́lóṣíìpù gbà. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni lókè òkun, kì í ṣe ti ọmọdé o, ti àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ọdún kan ló máa lò ní Lọ́ńdọ̀nù, láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kó sì padà wálé wá kọ́ àwọn yòókù. Ìyá àgbà ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ní Ifọ̀ láti wá bá Lateefah àti àbúrò rẹ̀ gbé. Ohun kan ṣoṣo ló kù, kí ọ̀gá màmá rẹ̀ fọwọ́ sí i pé òun yọ̀ǹda rẹ̀, pé iṣẹ́ rẹ̀ á máa dúró dè é. Ọ̀gá sì ti ṣèlérí.

Ṣùgbọ́n kéèyàn lọ kó tún padà wá, ta ló ń fi ìyẹn yangàn nílùú wa yìí? Ẹni tó bá lọ tó padà, wọ́n á ní ṣe ni wọ́n lé e wálé. Lateefah mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Mọ́mì mi ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lóṣù tó ń bọ̀," ló bá sọ. "Mọ́mì mi ò ní padà wá mọ́. Tí wọ́n bá ti débẹ̀, wọ́n á ránṣẹ́ pe èmi àti àbúrò mi. Kí la tún fẹ́ padà wá ṣe ní Mówè?"

"Háà! Ẹ fẹ́ jápa!" Ọláwùnmí dì mọ́ ọn. Wọ́n sún fún un, ó jókòó sáàárín, orí rẹ̀ ń wú. Kò tiẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí Ayọ̀níkẹ́ ti ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bàbá Ayọ̀níkẹ́ sì ni Dókítà Bádéjọ, ọ̀gá màmá Lateefah gan-an! Ayọ̀níkẹ́ kì í ṣe olófòófó ọmọ. Ó kàn délé ni, ó bi bàbá rẹ̀ nídìí oúnjẹ pé, "Dádì, ta ló máa máa gbẹ̀bí tí mọ́mì Lateefah bá ti jápa?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, màmá Lateefah ti ibi iṣẹ́ dé, ó jókòó sórí àga, kò bọ́ híjáàbù, kò bọ́ bàtà.

"Ọ̀gá láwọn ò fọwọ́ sí i mọ́," ló wí. "Wọ́n ní nọ́ọ̀sì méjì táwọn yọ̀ǹda tẹ́lẹ̀, Kánádà ni wọ́n wà títí dòní. Mo fi Kùránì búra fún wọn pé màá padà. Wọ́n ní ọmọ tí mo bí ló sọ pé mi ò ní padà. Lateefah, kí lo sọ?"

 Lateefah kúnlẹ̀, ó fẹkún jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Nítorí bàtà?" ni màmá rẹ̀ bi í. "Lateefah, nítorí bàtà?" Kò nà án. Ì bá sàn kó nà án.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Lateefah dá lọ bá Dókítà Bádéjọ ní ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, irọ́ ni mo pa. Mọ́mì mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo kàn fẹ́ fi ṣe fáàrí ni, sà."

"Ta ló rán ọ wá?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Mọ́mì mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo wá."

Dókítà mi orí. "Wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí o ò mọ̀ pé màá gbọ́, ohun kan lo sọ. Nísinsìnyí tí mo ti gbọ́, o wá ń sọ òmíràn. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, èwo lo máa gbà? Dìde, máa lọ sílé."

Ọjọ́ tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù dá fún ìwé ìfọwọ́sí ọ̀gá pé, ó kọjá. Wọ́n gbé àyè náà fún ẹlòmíràn. Wọn kì í sì í gba ẹni tó bá ti kọjá ọdún márùndínláàádọ́ta, ọdún yìí gan-an ni màmá Lateefah pé e. Ìyá àgbà tú ẹrù rẹ̀ ní Ifọ̀. Ọláwùnmí tó dì mọ́ Lateefah níjọ́sí ló tún wá ń pè é ní "Ará Lọ́ńdọ̀nù," tí gbogbo kíláàsì á sì rẹ́rìn-ín. Láràárọ̀ ni màmá rẹ̀ ṣì ń kúnlẹ̀ láti kí ọ̀gá tí kò gba ìbúra rẹ̀ gbọ́, nítorí owó iléèwé àwọn ọmọ.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti dárí jì mí?" ni Lateefah bi í lálẹ́ ọjọ́ kan.

"Mo ti dárí jì ẹ́ látọjọ́ yẹn," ni màmá rẹ̀ dáhùn, ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò gbójú sókè. "Ṣùgbọ́n ìdáríjì ò lè gbé mi dé Lọ́ńdọ̀nù."

Ẹ̀yin ọmọ, àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa lé e bá. Òótọ́ lé irọ́ Lateefah bá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó tó dé, ọjà ti tú. Ẹ má torí ẹ̀rín ẹgbẹ́ parọ́ mọ́ òbí yín. Àìmẹ́nu, àìmétè ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Lateefah tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnu ọmọ ló dá ọ̀ràn, ìyá ló ń jìyà rẹ̀.