Ẹ̀rọ Tó Di Ọwọ́ Ọ̀tún Màmá Mi

"Ṣé ọ̀ṣọ́ ilé lásán lẹ fi ẹ̀rọ yìí ṣe ni?"

Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọ kíláàsì mi, ló bèèrè bẹ́ẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ wa kan ló tẹ̀ lé mi wálé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nítorí ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń fi ẹ̀rọ ìpòyẹ̀fun wa yangàn ní iléèwé.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ohun yẹ̀yẹ́ o. Búrẹ́dì ni màmá mi ń ṣe tà. Lọ́dún tó kọjá, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì kán. Egungun náà jinná, àmọ́ kò lè fi po ìyẹ̀fun púpọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà lókè òkun gbọ́, ó sì ra ẹ̀rọ yìí ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí màmá mi kọ́kọ́ lò ó, ó jókòó tì í, ó ń wò ó bó ṣe ń yí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun ti padà wá.

Wàhálà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Iná ìlú tí wọ́n ti rà á kò lágbára tó tiwa; tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì tiwọn. Bọ̀ọ̀dá Oníná, tó ń ṣe iṣẹ́ iná ládùúgbò, ló bá wa wá tiransifọ́mà, àpótí irin wúwo kan tó ń dín agbára iná kù kó tó dé inú ẹ̀rọ. Lọ́sẹ̀ yẹn, bọ́tìnnì àpótí náà bàjẹ́, Bọ̀ọ̀dá sì gbé e lọ tún ṣe. Màmá mi kìlọ̀ fún mi pé títí di ọjọ́ Ẹtì tí yóò gbé e padà, kí n má fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ẹlẹ́rìn-ín ní ẹnu mi ju iṣẹ́ mi lọ. Ó ní orí púlọ́ọ̀gì pẹlẹbẹ yẹn nìkan ni kò jẹ́ kó wọ ihò iná ara ògiri, pé adápítọ̀ tó lè mú un wọlé wà nílé wọn. Kò pẹ́ tó fi sáré mú un dé.

Mo mọ̀ pé kò yẹ, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Púlọ́ọ̀gì wọ inú adápítọ̀ wẹ́rẹ́, adápítọ̀ náà wọ ara ògiri. Mo sọ fún ara mi pé ohun tó bá ti wọlé, ó bá a mu nìyẹn. N kò mọ̀ pé ẹnu púlọ́ọ̀gì nìkan ni adápítọ̀ ń yí padà, kì í dín agbára iná kù.

Mo tan án. Ó pariwo, ó yí wìrìwìrì, ó ta páú, èéfín sì bò wá. Kí n tó yọ ọ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Mo ṣí fèrèsé, mo nu ẹ̀rọ náà mọ́, mo fi aṣọ bò ó. Nígbà tí màmá mi dé tó ní òun ń gbóòórùn nǹkan tó jó, mo ní aṣọ ìnuwọ́ ló kan sítóòfù.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ọgọ́rùn-ún búrẹ́dì tó fẹ́ gbà láàárọ̀ Sátidé. Màmá mi wo ibi tí ẹ̀rọ wà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbà á. Mo wà níbẹ̀. Mo tún aṣọ tí mo fi bo ẹ̀rọ náà ṣe.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bọ̀ọ̀dá gbé tiransifọ́mà dé. Wọ́n tan ẹ̀rọ, kò mira. Bọ̀ọ̀dá tú inú rẹ̀, wáyà ibẹ̀ ti dúdú bí èédú. Ó bi mí bóyá ẹnì kan ti fi í sára ògiri. Mo ní rárá.

"Ọmọ mi kì í purọ́," ni màmá mi wí. "A jẹ́ pé àpótí rẹ ló pa á."

Bọ̀ọ̀dá kò wo màmá mi, èmi ló wò. Ó ní kò burú, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Iṣẹ́ ti wà nílẹ̀, ẹni tó ni í kò sì ní gbọ́ àwáwí. Màmá mi ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ìyẹ̀fun. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a pò ó, ó ní n kò tíì mọ bó ṣe ń le, kí n lọ tọ́jú iná. Nígbà tó ṣe tó ọgọ́ta, ó kérora díẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti wú.

Mo kúnlẹ̀. "Màámi, èmi ni mo jó ẹ̀rọ náà." Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún.

Kò nà mí. Ó gbé ọwọ́ tó wú náà sókè. "Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ náà, n kò ní gba iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ lè bàjẹ́. Ọwọ́ mi ńkọ́?"

A lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní egungun náà ti tún là, pé kò gbọdọ̀ po ìyẹ̀fun mọ́ láyé. A lọ bẹ Bọ̀ọ̀dá, ó dárí jì wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò ṣeé tún ṣe.

Búrẹ́dì ẹlòmíràn ni màmá mi ń tà báyìí. Láràárọ̀, ó máa ń fi ọwọ́ òsì tẹ ọ̀kan wò, bóyá wọ́n pò ó dáadáa. Ó máa ń dùn mí dé ọkàn.

Àwọn tí mo tìtorí wọn tan ẹ̀rọ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń di ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tó ṣì jẹ́ pé nǹkan náà nìkan ló bàjẹ́.