Ọmọ Búrẹ́dì Wayllapata

Búrẹ́dì kì í wúwo sí i lójú ọ̀nà. Èyí tí àbúrò mi Delfina pọ̀n lọ sí Wayllapata ń wúwo sí i. Nígbà tí a rà á lẹ́nu ààrò ní Cusco, ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo fi gbé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gun òkè dé òkìtì òkúta tó wà lẹ́nu ìlú náà, Delfina ti tẹ̀ síwájú bí ẹni tó pọ̀n ọmọ tó ti ń rìn, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Mo ní, "Gbé e fún mi jàre."

"Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Afẹ́fẹ́ òkè yìí ló ń ṣe mí. Lima ti sọ mí di ọ̀lẹ."

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ létí òkun, àyà rẹ̀ kì í gba òkè tiwa mọ́.

Nicasia lorúkọ mi. Aṣọ àwọn ère mímọ́ ni mò ń rán ní San Blas, ní Cusco, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òrùlé pupa gbogbo ìlú. Delfina àti Rómulo ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Lima. Wọ́n ti ṣègbéyàwó tipẹ́, wọn ò sì tíì bímọ. Ó wá kí mi lọ́dún yẹn kí á lè jọ gbé oúnjẹ lọ sórí ibojì ìyá wa ní ọjọ́ àwọn òkú, torí Wayllapata tí wọ́n ti bí ìyá wa ló ní kí á sin òun sí.

Inú rẹ̀ dùn ní Cusco. Ó ń dúró gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bá àwọn tó ń hun aṣọ lẹ́bàá ọ̀nà tàkúrọ̀sọ, ó ń fi àwọn àlejò tó dé fìlà onírun rẹ́rìn-ín. Lẹ́nu ààrò ló ti rí ọmọ búrẹ́dì náà. A máa ń yan wọ́n lásìkò náà, wáwà la ń pè wọ́n: búrẹ́dì tí wọ́n mọ bí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ wé, tí wọ́n kun ojú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún.

"Kí lo fẹ́ fi èyí ṣe?" ni mo bi í.

"Kí n pọ̀n ọ́n ni. Ṣé ẹ̀yìn mi kò yẹ lọ́mọ ni?"

Àwàdà ni, mo sì rẹ́rìn-ín, àmọ́ n kò lè wo ojú rẹ̀.

Ìlú tó dákẹ́ ni Wayllapata. Omi ló ń sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀, nínú gọ́tà olókúta tó gba àárín ilé kọjá. Ọ̀dọ̀ Màmá Feliciana, ọ̀rẹ́ ìyá wa láti kékeré, la dé sí. A jẹun lórí ibojì, a da ọtí àgbàdo sílẹ̀ fún òkú, lẹ́yìn náà gbogbo ìlú kóra jọ sí àgbàlá kan láti ṣe ìrìbọmi àwọn wáwà. Eré ni. Bàbá Hilarión, tó máa ń ṣe fáda lọ́dọọdún, gbé síkẹ́ẹ̀tì dúdú ìyàwó rẹ̀ kọ́rùn, ó di ìdì ewé mú, ó ń fi wọ́n ọtí.

"Ta ni bàbá ọmọ yìí?" ó bi obìnrin kan. "Imú rẹ̀ jọ ti alábúrẹ́dì!"

"Fáda, ẹ má fara pamọ́, ẹ̀yin náà lẹ ni ín!"

"Irọ́ ni! Tèmi kì í wú tó báyìí nínú ààrò!"

Ẹ̀rín gba àgbàlá kan. Ó kan Delfina.

"Ìyá ọmọ, kí lorúkọ tí a ó sọ ọ́?"

Delfina wo ojú búrẹ́dì náà. "Ẹ pè é ní Delfina. Kó máa jẹ́ orúkọ mi."

"Delfina, mo wẹ̀ ọ́. Má mutí bíi bàbá rẹ, má rojọ́ bíi ìyá rẹ!"

Gbogbo wọn tún bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ni kò rẹ́rìn-ín. Màmá Feliciana di apá mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù.

"Sọ fún un kó jẹ ẹ́," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Báyìí. Kó tó di pé oòrùn wọ̀."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: tí ìrìbọmi bá ti parí, a ó bu búrẹ́dì náà jẹ. Gbogbo àwọn yòókù ń jẹ tiwọn. Delfina wé tirẹ̀ mọ́ àyà.

"Mi ò lè jẹ ẹ́," ó ní. "Ó ń wò mí."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a wọ bọ́ọ̀sì kékeré tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Cusco. Mo ti dọ́gbọ́n fi búrẹ́dì náà sílẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn Màmá Feliciana. Bí ọkọ̀ ṣe dé ibi òkìtì òkúta, Delfina ké. Obìnrin tó jókòó tì í yíjú wò ó.

"Aunti, ọmọ yín dà? Ọmú yín ń sun o."

Iwájú bùláúsì rẹ̀ ti tutù látòkè délẹ̀. Delfina wò ó, ó fi ọwọ́ kàn án, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Kí awakọ̀ tó dúró tán, ó ti ṣílẹ̀kùn, ó ti ń sáré padà gun òkè. Nígbà tí mo bá a, ó ti gbé búrẹ́dì náà, ó ń mì í.

A tún gbìyànjú. Mo ní kó pọ̀n ọ́n dání lọ́tẹ̀ yìí, bóyá ìyẹn á tẹ́ ẹ lọ́rùn. Níbi òkìtì òkúta náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó wólẹ̀ lórí eékún, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, èmi àti awakọ̀ ò sì lè gbé e dìde títí a fi yíjú rẹ̀ padà sí ìlú. Nígbà náà ló dìde bí ẹni tí kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

Kò lè lọ pẹ̀lú rẹ̀, kò lè lọ láìsí i.

Ìkùukùu sọ̀ sórí ìlú, kò gbéra. Delfina ń rù. Kì í fẹ́ jẹun mọ́, kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni búrẹ́dì náà kò gbẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń pọ́n sí i. Nígbà mìíràn mo máa ń pe Delfina, á jẹ́ pé búrẹ́dì náà ni mo máa kọ́kọ́ wò kí n tó wò ó. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Níkẹyìn mo jókòó ti Màmá Feliciana níbi tó ti ń bó ọ̀dùnkún.

"Màmá, ẹ mọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi."

Ó ń bó ọ̀dùnkún lọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ìyá yín ti bímọ kan níbí kó tó pàdé bàbá yín. Obìnrin ni. Fáda kì í tètè gun òkè wá nígbà yẹn, ọmọ náà sì kú láìṣe ìrìbọmi, láìlórúkọ. Wọn ò gbà kí á sin ín sínú ọgbà òkú. Ẹ̀yìn odi ló wà. Ìyá yín sọ̀kalẹ̀ lọ sí Cusco, kò wẹ̀yìn wò. Láti ìgbà yẹn la ti ń gbọ́ ẹkún lẹ́yìn odi, a kì í dáhùn." Ó gbé ojú sókè. "Àbúrò rẹ ló dáhùn. Ó tún fún un lórúkọ."

Èmi àti Bàbá Hilarión gbèrò pé kí á gbé ọmọ inú búrẹ́dì náà fún ìyá rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ni, ìkùukùu ti là díẹ̀. A gbẹ́ ẹsẹ̀ ibojì ìyá wa, mo gba búrẹ́dì lọ́wọ́ Delfina, kò sì bá mi jà. Ó jókòó sórí odi, ó ń wò wá. Èmi ni mo da iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ lé e. Bí iyẹ̀pẹ̀ náà ṣe bà á, Delfina mí kanlẹ̀, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ odi, oorun gbé e lọ.

Ó jí lọ́jọ́ kejì, ó bèèrè oúnjẹ. Ó jẹ ọ̀dùnkún títí Màmá Feliciana fi sunkún ayọ̀. A wọ ọkọ̀. A kọjá òkìtì òkúta náà láìsí wàhálà, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ti imú mọ́ gíláàsì fèrèsé. Ó ń wo yìnyín orí òkè, ó ń wo afárá, ó ń wo màlúù. Mo rò pé ara ló tù ú.

Nínú yàrá mi ní San Blas, mo gbé omi kaná. Ó dúró láàárín àwọn aṣọ ère mímọ́, ó ń fi ìka kàn wọ́n.

"Nicasia."

Ọwọ́ mi dúró lórí ìkòkò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Delfina, kò pe orúkọ mi lásán rí.

"Àbúrò mi, ebi ń pa mí. Wá nǹkan fún mi."

Mo yíjú padà. Ojú Delfina ni, àpá ìpéǹpéjú tó ti ní láti kékeré ṣì wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ṣé ibí ni ìyá wa wá ń gbé, tó fi fi mí sílẹ̀?"

"Delfina dà?" ni mo bi í.

"Èmi ni Delfina. Wọ́n wẹ̀ mí, wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀, gbogbo ìlú gbọ́." Ó jókòó sórí àga mi. "Àbúrò wa kékeré wà lọ́dọ̀ ìyá wa. Ìwọ lo da iyẹ̀pẹ̀ lé e."

Mo sáré padà sí Wayllapata. Èmi àti Bàbá Hilarión fi ọwọ́ wa gbẹ́ ibẹ̀. A bá aṣọ tí a fi wé búrẹ́dì náà, ó ṣì wà ní wíwé bí a ṣe wé e. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Rómulo máa ń fóònù láti Lima. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ìyàwó òun ti ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ó ní ó sọ pé òun á ṣì dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Kí ni kí n sọ fún un? N kò lè lé obìnrin yìí jáde. Ara tó wọ̀, ara àbúrò mi ni. Tó bá gbé e lọ, inú kí ni Delfina yóò padà sí? Nítorí náà mo máa ń ti ilẹ̀kùn bí mo bá ń gbé aṣọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í bínú. Dídúró ti mọ́ ọn lára.

Lánàá, mo gbé ọbẹ̀ síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

"Ìgbà wo lo máa tó mọ̀ pé mo jù ẹ́ lọ?" ó bi mí.

Mo wo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tí mo dì mú láti kọ́ àbúrò mi bí wọ́n ṣe ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi," ni mo wí. "Ọbẹ̀ náà gbóná. Ẹ rọra."

Nígbà náà lojú rẹ̀ tàn. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi bí ọmọ jòjòló tó fẹ́ kí wọ́n gbé òun, ó sì ń dúró.

Mo gbé e mọ́ra.